Trakai: Ìlú Àárín Omi àti Èdè Àwọn Karaim

Ìlú kékeré ni Trakai ní orílẹ̀-èdè Lituéníà. Nǹkan bí kìlómítà 28 ni ó fi jìnnà sí Vilnius tí í ṣe olú-ìlú, àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 5,000 lọ. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó yọrí sínú omi ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí; adágún Galvė, Luka àti Totoriškės ni ó yí i ká.

Omi ni odi Trakai. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, nígbà tí àwọn jagunjagun ẹlẹ́sìn láti ilẹ̀ Jámánì ń kógun wá léraléra, ọmọ-aládé Kęstutis bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin olódi sí orí erékùṣù kan nínú Galvė. Vytautas ọmọ rẹ̀ ni ó parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1409. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, òun àti Jogaila ọba Pólàndì, tí bàbá àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá, ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá náà ní ogun Žalgiris. Bí ìbẹ̀rù ogun ti dínkù ni iṣẹ́ odi náà dínkù pẹ̀lú. Vytautas kú ní Trakai ní 1430. Ogun Rọ́ṣíà ti 1655 sì sọ ààfin di àlàpà. Bíríkì pupa tí àwọn àlejò ń yà ní fọ́tò lónìí, iṣẹ́ àtúnkọ́ ọ̀rúndún ogún ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun àtijọ́ tí ogun yẹn kò lè wó ni èdè àwọn Karaim. Ìtàn wọn sọ pé ní nǹkan bí 1397 sí 1398 ni Vytautas kó àwọn ìdílé wọn wá láti Crimea kí wọ́n lè máa ṣọ́ ààfin. Ìwé Mímọ́ àwọn Hébérù ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọn kò gba Talmud. Èdè wọn sì bá èdè Tọ́kì tan. Ní 1441, Kazimieras tí ó ń ṣàkóso Lituéníà fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti máa ṣe àkóso ara wọn. Ilé onípákó wọn ṣì wà ní òpópónà tí a fi orúkọ wọn pè, fèrèsé mẹ́ta ni ó sì kọjú sí títì. Wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ ti Ọlọ́run, ọ̀kan ti onílé, ọ̀kan ti Vytautas. Bí a gbà á gbọ́, bí a kò gbà á gbọ́, ọgbọ́n ìrántí ni: ẹni tí ó ń ṣí fèrèsé náà láràárọ̀ kò ní gbàgbé ẹni tí ó mú baba ńlá rẹ̀ dé.

Fún ohun tí ó lé ní 500 ọdún, èdè yìí ni òbí fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní tú ọ̀pọ̀ wọn ká. Lábẹ́ ìjọba Soviet, àwọn mìíràn kó lọ sí Vilnius, wọ́n bá àwọn ẹ̀yà mìíràn ṣe ìgbéyàwó, àwọn ọmọ sì ń sọ èdè Lituéníà, ti Pólàndì tàbí ti Rọ́ṣíà nínú ilé. Àwọn tí ó gbọ́ Karaim dáadáa kò pé 100 mọ́, àgbàlagbà sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ní 1996, Mykolas Firkovičius tẹ ìwé ìkọ́ni èdè náà jáde, ọdún mẹ́rin ṣáájú ikú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn ọ̀dọ́ Karaim ti ń péjọ sí Trakai nígbà ooru láti kọ́ ọ.