Ogún, Gbèsè àti Mátíríkìsì: Ìtàn Ìmọ̀ Al-Jabr

  

 Nígbà tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ìmọ̀ ìṣirò láàrin àwọn Mùsùlùmí, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn kì í ṣe ìlú Bagdad rárá. Àṣìṣe kan ni, èmi gan-an ni mo sì ṣe é.

Ní ọdún 1994, wọ́n pè mí láti wá pín ogún bàbá oníṣòwò kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé Risala lọ́dọ̀ àlùfáà mi ni, orí mi sì wú. Owó tí bàbá náà fi sílẹ̀ jẹ́ 90,000 náírà. Ó jẹ gbèsè 30,000. Ó sì ti sọ wàsíyyà pé kí wọ́n fún ọmọkùnrin kan tí òun gbà tọ́ ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọmọ àgbàtọ́ kì í jogún nínú ẹ̀sìn wa, nítorí náà wàsíyyà náà tọ́, kò sì kọjá òpin tí Ànábì fi lélẹ̀. Mo ṣí Suratu-n-Nisa, àyà kọkànlá, mo rí i pé wàsíyyà ni wọ́n dárúkọ ṣáájú gbèsè. Lójú tèmi, ẹ̀rí ti dé. Mo yọ 30,000 fún ọmọ náà, mo yọ 30,000 fún àwọn tí bàbá jẹ lówó, mo pín 30,000 tó kù fún opó àti àwọn ọmọ. Ìdá kan nínú mẹ́jọ tí ó tọ́ sí opó jẹ́ 3,750. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n tiẹ̀ fún mi ní sàráà.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún àlùfáà mi, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, owó ta ni o yọ wàsíyyà lára rẹ̀?" Ara mi bù màṣọ̀. Owó tí òkú jẹ kì í ṣe owó òkú. Gbèsè ni à á kọ́kọ́ san, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wàsíyyà ni àyà náà dárúkọ ṣáájú. Sayyidinā Ali ló gba ìdájọ́ yìí wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì, òun náà sì ni àwọn onímọ̀ dúró lé lórí. Ká ní mo yọ gbèsè ṣáájú ni, 60,000 ni ìbá kù. Ọmọ àgbàtọ́ ìbá gba 20,000, àwọn ajogún ìbá pín 40,000, opó ìbá sì gba 5,000. Mo ti gba 10,000 lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, mo sì ti fún ẹni tí kò ni ín. Mo tọ ọmọ náà lọ. Ó ti fi owó ra ọjà. Ó dá 6,000 padà. 4,000 tó kù wá sí ọrùn mi.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀ ná, ká lọ sí Bagdad.

Nígbà ìjọba Kálífà al-Ma'mun, láàrin ọdún 813 sí 833, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Muhammad bin Musa al-Khwarizmi. Ó kọ ìwé kékeré kan lórí al-jabr àti al-muqabala. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ó sọ ohun tí ìwé náà wà fún: ogún, wàsíyyà, ilẹ̀ pínpín, ẹjọ́ àti òwò. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe nítorí ìdánwò ni wọ́n ṣe dá álíjẹ́bírà sílẹ̀! Ìtúmọ̀ al-jabr ni kí á dá ohun tó ya padà sí ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn Lárúbáwá ń lò fún ẹni tó ń to egungun tó ṣẹ́. Bí ohun tí a ń wá bá ní àyọkúrò lára ní apá kan, a ó dá àyọkúrò yẹn padà fún un, a ó sì fi iye kan náà kún apá kejì. Al-muqabala ni kí a fi apá méjèèjì kojú ara wọn, kí a pa ohun tó jọra rẹ́. Apá tó gùn nínú ìwé náà, ìṣirò wàsíyyà àti ogún ló kún un. Nígbà tí Robert of Chester túmọ̀ ìwé yìí sí èdè Látìn ní Sípéènì ní ọdún 1145, apá ogún yẹn gan-an ni kò túmọ̀. Ó yé mi: ogún tiwa kò kàn án. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń rò pé álíjẹ́bírà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilé kéú.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Bí a bá tò nọ́ńbà sínú àpótí onígun mẹ́rin nílẹ̀ yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò ni hàntú. Bẹ́ẹ̀, Muhammad al-Katsinawi, ọmọ Katsina tó kú sí Cairo ní ọdún 1741, kọ ìwé lórí bí a ṣe ń to irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìlà rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Onímọ̀ ìṣirò pàtàkì ni. Àwa mú àpótí, a fi ìṣirò sílẹ̀.

Ẹni tí n kò lè fò ni al-Samaw'al. Ìdílé Júù ni wọ́n ti bí i ní Bagdad, ó sì gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ọdún 1163. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó kọ ìwé al-Bahir. Ó to àwọn nọ́ńbà sínú tábìlì láti fi ṣe ìṣirò, ó sì gbé ìṣòro kan kalẹ̀ tí ohun àìmọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 10, tí gbólóhùn ìdọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 210. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oníwàásù kankan sọ fún yín pé Mùsùlùmí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ o. Àwọn ará Ṣáínà ti ń to igi ìṣirò ní ìbú àti òòró fún irú ìṣòro yìí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú al-Samaw'al. Ẹni tó bá ń purọ́ gbè lẹ́yìn ẹ̀sìn, ẹ̀sìn ló ń tàbùkù.

Lẹ́yìn náà ni ó kan ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1843, Hamilton ń rìn lọ ní Dublin nígbà tí irú nọ́ńbà kan yé e, tó jẹ́ pé bí a bá yí ẹni tó ṣáájú padà nínú ìsọdipúpọ̀, èsì yóò yí padà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ọ̀bẹ kọ ọ́ sára òkúta afárá. Ní ọdún 1850, Sylvester ló fún àpótí nọ́ńbà ní orúkọ mátíríkìsì, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ilé ọmọ nínú ìyá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Cayley kọ ìwé ní ọdún 1858, ó fi hàn pé àwọn àpótí wọ̀nyí ní òfin tiwọn: a lè rò wọ́n pọ̀, a lè yọ ọ̀kan lára èkejì, a lè sọ wọ́n di púpọ̀, a kò sì ní jáde kúrò láàrin wọn. Irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ring lónìí. Ẹ gbọ́ ná: lọ́yà ni Cayley lásìkò yẹn. Ọdún 14 ló fi ṣe iṣẹ́ ìwé ohun-ìní, ilẹ̀ àti ilé. Kò jìnnà sí iṣẹ́ tí wọ́n pè mí fún.

Òfin wọn yàtọ̀ sí ti nọ́ńbà lásán. Bí nọ́ńbà méjì bá di òdo nígbà tí a sọ wọ́n di púpọ̀, ọ̀kan nínú wọn ti jẹ́ òdo tẹ́lẹ̀. Mátíríkìsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ 0 àti 1 sí ìlà òkè, kí ẹ kọ 0 àti 0 sí ìlà ìsàlẹ̀. Kì í ṣe òdo. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di òdo. Ní ọdún 1908, Wedderburn fi hàn pé ọ̀pọ̀ irú àwọn àwùjọ yìí, tí ojú ń wò bí ohun tó yàtọ̀ síra, mátíríkìsì ni wọ́n nígbà tí a bá tú wọn wò.

Ní ọdún 1997 mo wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Ọmọ ọdún 27 ni mí, àwọn tí a jọ jókòó ń pè mí ní Ààfáà. Olùkọ́ kọ A àti B sí pátákó, ó ní A lọ́nà B kì í sábà dọ́gba pẹ̀lú B lọ́nà A. Àwọn ọmọ kùn. Ọ̀kan ní, "Ṣé 3 lọ́nà 4 àti 4 lọ́nà 3 kò wá dọ́gba mọ́ ni, sà?" Èmi kò kùn. Ilé opó yẹn ni ọkàn mi wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo kọ gbèsè sínú àpótí kan: 1 àti −30,000 lókè, 0 àti 1 nísàlẹ̀. Mo kọ wàsíyyà sínú èkejì: 2/3 àti 0 lókè, 0 àti 1 nísàlẹ̀. Tí a bá san gbèsè ṣáájú wàsíyyà, ìlà òkè èsì wọn jẹ́ 2/3 àti −20,000. Tí a bá yọ wàsíyyà ṣáájú, ó jẹ́ 2/3 àti −30,000. Ẹ fi 90,000 sí i: ti àkọ́kọ́ á fún yín ní 40,000, ti èkejì á fún yín ní 30,000. Mo tún dán gbèsè méjì wò, èyí tó wù kí a kọ́kọ́ san, èsì kò yí padà. Wàsíyyà méjì tí ó jẹ́ ìdá náà rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí gbèsè bá ti pàdé wàsíyyà nìkan ni ìjà wà. Gbogbo ìwé tí mo ti kà nípa ẹ̀tọ́ òkú kò fi àṣìṣe mi hàn mí tó bẹ́ẹ̀.

Nínú 4,000 yẹn, 500 ni ti opó. Òun ni mo san fún kẹ́yìn, ní ọdún 1999. Mo kọ ìṣirò náà sí ìdí ìwé fún un. Alágbàdo ni, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ owó. Ó ka 500 náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi mí pé, "Àlùfáà, ṣé gbèsè lẹ kọ́kọ́ yọ báyìí?"

Mo ní gbèsè ni, Ìyá. Ó so owó mọ́ etí ìró rẹ̀.