Ìtàn Ewé Akíntọ́lá àti Ọ̀ràn Àwọn Onílẹ̀ Ìlú Wa

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi, kò sí ẹni tí ó ti oko dàgbà nínú wa tí kò mọ ewé Akíntọ́lá. Òun ni a ń já, tí a ń fi ọwọ́ ra, tí a sì ń fún omi rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ nígbà tí àdá bá ṣáni, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Nítorí oore yìí ni ọ̀pọ̀ wa fi rò pé àwọn baba ńlá wa bá a lórí ilẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àlejò ni, kò sì tí ì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó wọ ilẹ̀ yìí.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a gbìn ín sí ọgbà ohun ọ̀gbìn ní Calcutta ní Íńdíà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti sá wọ igbó Éṣíà. Ìtàn tí àwọn onímọ̀ gbà jù ni pé ní ọdún 1937 ni èso rẹ̀ bá irúgbìn igi Gmelina wọlé láti erékùṣù Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Ní ọdún 1942 ni a ṣe àkíyèsí rẹ̀ ní agbègbè Énúgù. Nígbà tí yóò fi gba oko wa kan, Olóyè S. L. Akíntọ́lá ni Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn (1959 sí 1966), ni àwọn àgbẹ̀ bá fi orúkọ rẹ̀ pè é. Níbòmíràn, orúkọ Olóyè Awólọ́wọ̀ ni wọ́n fún un. A kò ní bèèrè ẹgbẹ́ òṣèlú ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀.

Agbára rẹ̀ wà nínú èso rẹ̀. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, yóò tanná. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, èso wẹ́wẹ́ tí ó ní irun lórí yóò máa bá afẹ́fẹ́ lọ, yóò máa lẹ̀ mọ́ aṣọ, mọ́ ara ẹran, mọ́ ọkọ̀. Igi kan ṣoṣo a máa so ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí a bá dáná sun ún, gbòǹgbò rẹ̀ yóò tún rú nígbà òjò. Ní ọ̀dàn tí màlúù ti ń jẹ̀, a máa ga ju koríko lọ, a sì máa bò ó mọ́lẹ̀. Màlúù kì í fẹ́ jẹ ẹ́, ewé rẹ̀ tútù sì lè ṣe ẹran ní ibi. Bí koríko bá sì ti tán, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ẹran ń yà sí. Nínú rẹ̀ náà ni tata tí ń run ẹ̀gẹ́ ń kó ara jọ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ṣùgbọ́n kí a má purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ yóò sọ fún yín pé ilẹ̀ tí ó bá hù sí fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta a máa lọ́ràá, ó sì máa ń lé koríko ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ kékeré fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tí ń sin màlúù kórìíra rẹ̀. Ìdí nìyí tí àṣẹ láti òkè nìkan kò fi lè yanjú ọ̀ràn yìí. Láàrin 1970 sí 1979, a kó kòkòrò kan tí ń jẹ ewé náà wá sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò gbilẹ̀. Ní Gánà, níbi tí wọ́n ti tú irú rẹ̀ kan náà sílẹ̀ láti 1991, ó gbilẹ̀.

Ìtàn Queensland ní Ọsirélíà tún yẹ fún etí onílẹ̀. Ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún láti Amẹ́ríkà ti gba ilẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù 60 éékà ní ìpínlẹ̀ náà àti èkejì rẹ̀ kí ó tó di 1925, àwọn àgbẹ̀ mìíràn sì ti fi oko wọn sílẹ̀ fún un. Ní ọdún náà ni ìjọba gba ẹyin àfòpiná kan láti Ajẹntínà, tí ìdin rẹ̀ ń jẹ inú ọrọ́ náà. Wọ́n sin ín títí ó fi pọ̀, wọ́n lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ bébà pẹlẹbẹ, wọ́n sì pín in fún àwọn onílẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so ó mọ́ ọrọ́ inú oko wọn. Kí ó tó di 1934, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọrọ́ náà ti wó lulẹ̀. Ní 1936, àwọn ará Boonarga kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé kan, wọ́n sì fi orúkọ kòkòrò náà pè é!

Ní ìlú tiwa, olúkúlùkù ni ó ń ṣán tirẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá wù ú. A mọ ìdílé tí ó hú tirẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ní ọdún kan, tí èso sì tún fò wá bá a láti ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí àwọn tí ó ni ín wà ní òkè òkun. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yóò mọ ara wọn. Ìyà aládùúgbò tí kò ṣẹ̀ ni ó dùn wá.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ gbogbo olórí ẹbí, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn wà ní ìlú òyìnbó, kí wọ́n fi orúkọ ẹni tí ń bójú tó ilẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí òjò ọdún yìí tó tán. Ọjọ́ kan náà ni a fẹ́ kí gbogbo onílẹ̀ tí ó bá ara wọn pààlà jáde, àti ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ àti darandaran tí wọ́n jọ ń lo ilẹ̀ náà, kí a tó rí òdòdó àkọ́kọ́.