Òkè Jos àti Jíà Tó Wà Lẹ́yìn Mọ́tò

Kí ojú irin tó dé, orí ni àwọn alárù fi ń ru tánganran láti Naraguta lọ sí Loko létí odò Benue. Gíga ilẹ̀ wà lára ohun tó fa ìyà yẹn: Jos fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ, bí èèyàn ṣe fẹ́ gbà débẹ̀ náà ni yóò gun òkè. Ìjọba amúnisìn wá la ojú irin kékeré kan láti Zaria, ó dé Rahama ní 1912, ó sì dé Bukuru ní 1914. Ìbú rẹ̀ kò ju 762 mílímítà lọ, bẹ́ẹ̀ 1,067 ni ti ojú irin ńlá. Irin tóóró rọrùn láti tẹ̀ mọ́ ara òkè, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, àmọ́ gbogbo ẹrù tó bá dé Zaria ni wọ́n ní láti já kúrò nínú ọkọ̀ kan sínú òmíràn. Nígbà tí ojú irin ńlá gba Kafanchan wọ Jos ní 1927, ti kékeré kò rí ẹsẹ̀ dúró mọ́, wọ́n sì pa á tì ní 1957. Ìtàn yìí ni mo gbé lé ìbéèrè tí àwọn tó ní mọ́tò alágbára ń bi mẹkáníìkì: jíà wo ló yẹ axle ẹ̀yìn? Òkè ló yẹ ká kọ́kọ́ bi, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, ká má sì gbàgbé wàhálà ẹrù jíjá ní Zaria.

Ẹ wo Peugeot. Nínú 404, jíà eyín 5 ló ń yí jíà eyín 21, èyí ni pé propeller á yí ìgbà 4.2 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ti 403 tó ṣáájú rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, 5.75 ni, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó lítà kan àbọ̀. Jíà kẹrin ló wá ń dá eré padà fún un lójú títì tó tẹ́jú. Irú axle bẹ́ẹ̀ ni 404 fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to 504 ní Kaduna, òun náà sì di ọkọ̀ tó ń kó èrò gun Hawan Kibo, òkè tó wà lójú ọ̀nà Jos.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ́ńjìnnì kékeré ni gbogbo ìyẹn, pé alágbára kò nílò ìrànwọ́. Ẹ jẹ́ ká mú Ford Mustang GT ti 2011, ẹlẹ́ńjìnnì lítà 5, tí awakọ̀ ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀. 3.31 ni axle tí wọ́n tà á mọ́ nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ nígbà náà lè san owó kún un kó gba 3.55 tàbí 3.73. Afẹ́fẹ́ Jos fúyẹ́ débi pé ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo á pàdánù tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀. Bí a bá kúrò ní 3.31 sí 3.73, ipá tó ń dé táyà nínú jíà kọ̀ọ̀kan á fi nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 lé sí i. Kò dá agbára tó sọnù padà o, ipá ló ń fi kún un, ipá yẹn gan-an ni awakọ̀ sì ń wá lẹ́yìn tírélà tó ń rákò gun Hawan Kibo, níbi tí jíà kejì ti ń pariwo, tí ìkẹta sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ náà, ẹ́ńjìnnì á bá a di mọ́tò mú, bíréèkì á sì sinmi.

Ti epo ńkọ́? Ní 100 kìlómítà ní wákàtí, pẹ̀lú táyà tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 2 àti jíà kẹfà tó jẹ́ 0.65, ẹ́ńjìnnì á yí bí ìgbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú 3.31, á sì yí bí 2,000 pẹ̀lú 3.73. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ jà. 4.10 ni mi ò fara mọ́. Ìlọ́po 3.66 tó jẹ́ jíà kìíní pẹ̀lú 4.10 lé ní 15, táyà á kàn máa yí lórí ilẹ̀ tútù, jíà kìíní á sì di ohun tí a ń sáré kúrò nínú rẹ̀: wàhálà Zaria nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra axle tòkúnbọ̀ kó má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà. Kó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì sókè, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára propeller àti táyà, kó yí propeller, kí táyà méjèèjì sì jọ yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ 3.73, àmì propeller á ti yí ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kẹrin.