Ilẹ̀kùn Ààfin Ìkẹ́rẹ́

Ẹni tó bá wọ Ìkẹ́rẹ́ kò ní ṣàì rí òkè Ọlọ́ṣunta. Òkè náà ò ṣeé gbé. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi ṣì wà nílé. Ohun tó ṣeé gbé ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìyẹn ilẹ̀kùn ààfin Ògògà.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló gbé dàgbà, ó sì ṣe ẹmẹ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ Arínjálẹ̀. Nígbà tó yá, òkìkí ọ̀bẹ rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba mìíràn. Láàrin 1910 sí 1914 ló ṣiṣẹ́ fún Ògògà, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin.

Mo ti dúró níwájú ilẹ̀kùn náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ n sọ bó ti rí. Aláwẹ́ méjì ni. Lára awẹ́ kan, Ọba jókòó lórí ìtẹ́, adé ìlẹ̀kẹ̀ lórí rẹ̀, ayaba dúró sẹ́yìn rẹ̀. Lára awẹ́ kejì, Captain Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó wá kí i nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkìtì, jókòó kalẹ̀, àwọn ènìyàn ń gbé e lọ bí ẹni tí ara rẹ̀ ò dá. Àwọn tó ru ẹrù ń tẹ̀ lé e. Àwọn ère wọ̀nyí ò lẹ̀ mọ́ pákó o. Wọ́n yọ síta gan-an, àwọn kan tilẹ̀ yí orí pa dà, wọ́n ń wo ẹni tó ń wò wọ́n. Ẹni tí agbẹ́gilére kà sí àgbà ò sì ṣòro láti mọ̀: Ọba jókòó sílé rẹ̀, òyìnbó ló ń bọ̀ wá bá a.

Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Art Institute of Chicago láti 1984. Ọba ló jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, ayaba tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ga jù ú lọ fíìfíì, ẹyẹ sì bà sórí adé. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti àwọn ìyá wa, kó yé e.

Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, wọ́n sì gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbẹ̀. Àwọn British Museum rí i, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà ò gba owó. Ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ ní ilẹ̀ wọn fún òun dípò rẹ̀. Wọ́n ṣe é. Bí ilẹ̀kùn ṣe dúró sọ́hùn-ún nìyẹn.

Èmi àti àna mi kan, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, máa ń jiyàn lórí èyí.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ní 1924, ta ló lè sọ fún òyìnbó pé rárá?”

Ó ní, “Ti Bìní ni wọ́n fi ogun kó ní 1897. Ọba tiwa kọ owó, ó bèèrè ìtẹ́. Àbí ọmọdé lo kà á sí ni?”

Ó bí mi nínú díẹ̀, nítorí n ò rí èsì fọ̀.

Mo wá sọ ti Durham fún un, ilé ìjọsìn ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1093. Orí ẹranko kan tí wọ́n fi idẹ rọ wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, tó gbé òrùka sẹ́nu. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n ń lépa, tó bá ti sá débẹ̀ tó di òrùka náà mú, ó bọ́ fún ọjọ́ 37. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ gbó, ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé ògidì rẹ̀ wọ inú ilé ìjọsìn kan náà, kò kọjá ibẹ̀.

Mo ní, “Tiwa ńkọ́? Ṣé ẹ̀dà ò yẹ kó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ògidì wà ní Ìkẹ́rẹ́?”

Àna mi rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́, ó wá ní, “Ó dáa. Ta lo fẹ́ kó gbẹ́ ẹ̀dà náà?”

Mo dárúkọ agbẹ́gilére méjì. Ó mi orí sí àwọn méjèèjì.