Lórí Òkè Patti, Níbi Tí Ọya Ti Pàdé Benue

Ọmọ Ògìdì kì í sáré lọ wo òkè. Àpáta ló yí ìlú wa ká, ọmọdé ti mọ bí a ṣe ń pọ́n ọn kó tó mọ ọ̀nà oko. Àwọn baba ńlá wa fẹ́ràn orí òkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹwà. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń ti Bídà wá kó ènìyàn lẹ́rú káàkiri ilẹ̀ àwa Okun, ibi tí ẹṣin kò lè gùn ni ènìyàn ń sá sí. Ká sọ fún wọn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ènìyàn yóò sanwó ọ̀kadà kó lè gun òkè lọ wo odò, ẹ̀rín ni wọn ì bá fi wá rín.

Ohun tí a sì ń ṣe ní Lọ́kọ́jà nìyẹn. Láti Ògìdì, ẹ ó gba Kabba, ẹ ó kọjá Obajana tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà, ẹ ó sì já sí ìlú tí òkè Patti dúró tì. Nǹkan bíi mítà 458 ni ibi tó ga jù níbẹ̀ fi ju ojú òkun lọ. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí òkúta onírin ló dé e ládé, òjò kò sì rí i jẹ bọ̀rọ̀. Èdè Tápà ni “pati”, òkè ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òun náà ló wà nínú Pátígi, òkè kékeré. Ẹni tó bá ń pè é ní Òkè Patti ti pe òkè lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, èmi náà sì wà lára wọn. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí wọ́n jẹ́ ará wa nínú Okun, ló wà ní agbègbè náà.

Ní 1830 ni òyìnbó arìnrìn-àjò Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi gba ìsàlẹ̀ òkè yìí kọjá. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta wá. Àjàyí Crowther wà nínú wọn, kò tíì di àlùfáà nígbà náà. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Ata, ọba Ígálà, wọ́n sì dá oko sí ẹ̀bá odò kí wọ́n lè fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ àgbẹ̀ han àwọn ènìyàn. Ibà ò jẹ́. Nínú òyìnbó 145, ó ju 40 lọ tó kú, wọ́n sì pa oko náà tì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ àbàtà ni wọ́n rò pé ó ń fa ibà. Ìdí nìyẹn tí òyìnbó fi ń wá ibi gíga kọ́lé sí, kódà lẹ́yìn tí àṣírí ẹ̀fọn ti tú. Ní 1854, dókítà kan tó ń jẹ́ Baikie kó òyìnbó méjìlá wá, ó ń fún wọn ní oògùn kuiníìnì lójoojúmọ́, kò sì sí èyí tó kú nínú wọn. Baikie yìí náà ló padà wá tẹ̀dó sí Lọ́kọ́jà.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 1900, Lugard tó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ta àsíá wọn sókè ní Lọ́kọ́jà, ó sì kéde pé ilẹ̀ Àríwá ti bọ́ sábẹ́ ìjọba wọn. Ilé ìsinmi kékeré tí wọ́n ń pè mọ́ ọn lórúkọ ṣì wà lórí Patti. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pìtàn fún àlejò pé Flora Shaw, ìyàwó Lugard, dúró lórí òkè yìí, ó wo odò, ó sì sọ wá ní Nàìjíríà.

Ìtàn náà dùn, àmọ́ ọdún ibẹ̀ kò bára mu. Ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù ni Flora Shaw kọ orúkọ náà sí, ní ọjọ́ 8 oṣù January 1897. Kò tíì fẹ́ Lugard nígbà náà. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣègbéyàwó, Zungeru ni ọkọ rẹ̀ sì mú un wá. Ohun tó wà lọ́kàn èmi ọmọ Okun nípa January 1897 yàtọ̀ pátápátá. Oṣù yẹn gan-an ni Goldie, ọ̀gá iléeṣẹ́ Royal Niger Company, kó ọmọ ogun iléeṣẹ́ náà jáde ní Lọ́kọ́jà, wọ́n gba ọ̀nà Kabba lọ bá Bídà jà. Kí wọ́n tó dé Kabba, ogun Tápà tó bùdó síbẹ̀ ti ká àgọ́ lọ. Bí ẹnì kan ṣe ń fi gègé sọ wá lórúkọ ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tiwa ń wo ọ̀nà bóyá ó ti yẹ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Ní ti etí omi nísàlẹ̀ òkè, ẹ má jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ tàn yín jẹ. Ní 2012 àti 2022, odò kún bo ilé àti ọ̀nà ní Ganaja, lẹ́bàá Lọ́kọ́jà. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn fi ń kọjá níbi tí mọ́tò ti ń sáré.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo gùn ún kẹ́yìn. Ọ̀kadà náà ń mí hẹlẹ ní ibi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́, mo sì sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn títí mo fi kan igi oṣè kan. Láti òkè, omi odò méjèèjì tó pàdé níbẹ̀ ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan pọ́n bí ẹrẹ̀, èkejì dúdú díẹ̀, wọn ò tètè dà pọ̀. Ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò níbẹ̀ kí mi ní “Okun o”, ó pìtàn Flora Shaw fún mi tán, mi ò sì já a nírọ́. Mo kàn bi í pé èwo ni Ọya nínú méjèèjì.

“Èyí tó pọ́n yẹn, bàbá,” ló wí, ó sì ní kí n yíjú sí kámẹ́rà.