Ogun àti Àlàáfíà Nínú Kùránì

Onígbàgbọ́ ni mí, Àgbàdo ni mo sì ń gbé, níbi tí ohùn ládàánì àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti jọ ń jí wa láràárọ̀. Láti June 5, 2022, tí àwọn agbébọn pa nǹkan bí 40 olùjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ni ìbéèrè kan ò ti kúrò lẹ́nu àwa ará ìjọ: ṣé ẹ̀sìn àlàáfíà ni ẹ̀sìn Mùsùlùmí, àbí ẹ̀sìn idà? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí a kò bá ka ìwé wọn, kí la fẹ́ fi dáhùn?

Kì í ṣe òní ni Onígbàgbọ́ ti ń ka Kùránì. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, M. S. Cole, túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde l'Ékòó ní 1906. Ẹni tó bá ka Kùránì yóò rí i pé orí kejì kọ̀ kí a fi tipátipá mú ènìyàn ṣe ẹ̀sìn. Ó gbà kí a bá ẹni tó gbé ogun wá jà, ṣùgbọ́n kí a má rékọjá ààlà. Orí kẹjọ ní bí ọ̀tá bá fẹ́ àlàáfíà, kí a gbà fún un. Orí kẹsàn-án ńkọ́? Àṣẹ ogun líle wà níbẹ̀ lórí àwọn abọ̀rìṣà. Ẹsẹ tó tẹ̀lé e gan-an sì ní bí ọ̀kan nínú wọn bá wá ààbò, kí a sìn ín dé ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò ti balẹ̀. Àwọn ajagun ní ẹsẹ ogun yẹn ti pa ti àlàáfíà rẹ́. Ọ̀pọ̀ ààfáà ní àwọn tó da májẹ̀mú nìkan ló ń bá wí. Èmi tí mò ń ka ìwé Jóṣúà, ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé kò sí ogun nínú ìwé tèmi.

Ó wá ku ta ló ń kà á, kí ló sì ń wá? Ẹ wo Ìlọrin. Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tó ń bá Aláàfin jà, ké sí Àlímì, ààfáà Fúlàní, kó wá ran òun lọ́wọ́. Sọ̀lágbérú, Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá ní Òkè Súnà, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní nǹkan bí 1824, àwọn jagunjagun tí Àfọ̀njá kó jọ ló pa á. Abdulsalami ọmọ Àlímì di Ẹ́míà lábẹ́ àsíá Sókótó. Nígbà tó yá, wọ́n pa Sọ̀lágbérú náà. Bó bá jẹ́ nítorí ẹ̀sìn nìkan ni, kí ni Mùsùlùmí bíi tiwọn ṣe?

Irú ogun bẹ́ẹ̀ ló kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jà á. Síbẹ̀, nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù, ó kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má máa bá Mùsùlùmí fa àríyànjiyàn. Ní 1872, ó jókòó níwájú Ẹ́míà Ìlọrin, ó ń fi Bíbélì Yorùbá dáhùn ìbéèrè wọn. Kò gbàgbé Òṣoògùn. Kò kàn jẹ́ kí Òṣoògùn di ẹnu rẹ̀ ni.

Ní 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo. Idà dúró, ẹ̀sìn ò dúró. Àwọn ààfáà, oníṣòwò àti ẹbí ló ń tàn án ká Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá. Ààrẹ Látòósà, tó ṣe olórí Ìbàdàn láti 1871 sí 1885, Mùsùlùmí ni. Ta ló fi idà mú un?

Ẹsẹ ogun wà; ẹni tó ní kò sí ń tan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní November 2014, nígbà tí ìjà Boko Haram gbóná, bọ́ǹbù àti ìbọn pa ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí lórí ìrun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ńlá Kánò. Ẹkún tí wọ́n sun níbẹ̀, irú rẹ̀ la sun ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tó pànìyàn ni ká wá jáde, kì í ṣe ládàánì àdúgbò wa. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé.