Àlìkámà Nínú Abọ́ Agbowó

Ẹni tó bá sọdá láti géètì Yunifásítì Ìbàdàn sí Agbowó ò lè sọ pé òun ò rí oúnjẹ rà. Wọ́n ń ro àmàlà lápá kan, wọ́n ń se Indomie lápá kejì, puff-puff àti àkàrà ń hó nínú epo lẹ́bàá títì. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wa máa ń bi olóúnjẹ ò ju ẹyọ kan lọ: èló ni? Àmọ́ àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè mìíràn kí wọ́n tó jókòó: ṣé àlìkámà wà nínú ẹ̀?

Àwọn tó ní àrùn celiac ni mò ń sọ. Èròjà kan wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ráì tí wọ́n ń pè ní gluten. Òun ló máa ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n pò máa fà bíi rọ́bà. Tó bá ti wọ inú ẹni tó ní àrùn yìí, ohun tó yẹ kó máa dáàbò bo ara á dojú ìjà kọ ìfun kékeré, oúnjẹ ò sì ní ṣe ara lóore mọ́. Inú á máa run ún, á máa yàgbẹ́ gbuuru, á máa rù, ẹ̀jẹ̀ lè má tó o lára. Oògùn tó ń wò ó sàn ò tíì sí. Kéèyàn má fẹnu kan gluten rárá ni ìtọ́jú ẹ̀. Ìlànà Codex tí àwọn orílẹ̀-èdè ń lò sọ pé oúnjẹ tí wọ́n bá máa pè ní aláìní-gluten ò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílò kan. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rúnrún búrẹ́dì lè da nǹkan rú.

Báwo lèèyàn ṣe máa wá jẹun níta? Ìtàn lè ràn wá lọ́wọ́ dé àyè kan.

Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829, iṣu, ẹ̀wà, ọkà bàbà àti àgbàdo làwọn èèyàn ń jẹ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti wà nílẹ̀ yìí láti ayébáyé o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, ibẹ̀ náà ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jẹ́ àjòjì tó yẹn, kò sí gluten nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí àmàlà, láfún, ẹ̀bà, iyán, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti gbẹ̀gìrì ò fi ní ìjà pẹ̀lú ẹni tó ní celiac.

Èkó ni búrẹ́dì gbà wọlé sọ́dọ̀ wa. Àwọn Sàró àti Àgùdà tó padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti mọ búrẹ́dì jẹ. Lẹ́yìn wọn ni Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jamaica, dé ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ní 1921, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì, iṣẹ́ náà sì gbòòrò débi pé ọba oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń pè é.

Ní àsìkò tí búrẹ́dì ń tàn kálẹ̀ níbí, àìsí búrẹ́dì ń tú àṣírí celiac nílẹ̀ Netherlands. Ìyàn mú gan-an níbẹ̀ ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, débi pé àwọn èèyàn ń jẹ gbòǹgbò òdòdó. Dókítà àwọn ọmọdé kan, Willem-Karel Dicke, ti ń fura sí àlìkámà tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé ara àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí ń yá nígbà tí búrẹ́dì wọ́n, àìsàn náà sì padà nígbà tí búrẹ́dì padà. Ní 1950 ló gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ jáde.

Níbí, àlìkámà ò yéé wọlé. Ní 1962, Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá. Owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó àlìkámà wá lọ́pọ̀ yanturu. Ìjọba Babangida fòfin dè é ní 1987. Òfin ọ̀hún kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1992, torí àwọn èèyàn ti fi búrẹ́dì kọ́ra. Indomie náà ti wọ̀lú ní 1988.

Èyí tó ń tan èèyàn jù nínú gbogbo wọn ni sẹ̀mó. Òkèlè ni, ọ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ó ti dà bí ọmọ ilé. Àlìkámà ni. Búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ náà ń tan èèyàn. Ní nǹkan bí 2005, ìjọba Ọbásanjọ́ ní kí wọ́n máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Kí wá ni àádọ́rùn-ún tó kù? Málítì ńkọ́? Àwọn kan ní ọkà báálì nínú, ẹ ka ara agolo.

Ibi tí ìtàn ò lè ràn wá lọ́wọ́ mọ́ ni ìdí ààrò. Àmàlà ò ní gluten, àmọ́ tí wọ́n bá fi orógùn tí wọ́n fi ro sẹ̀mó rò ó láìfọ̀ ọ́, ó ti ní in. Àkàrà ò ní in, àmọ́ epo tí wọ́n fi din puff-puff ni wọ́n fi din ín. Torí náà, orúkọ oúnjẹ nìkan ò tó. A ní láti béèrè orógùn, epo àti ṣíbí ìbùjẹ.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti December 2014, òfin ti sọ ọ́ di dandan kí ilé oúnjẹ lè sọ fún oníbàárà bóyá ọkà tó ní gluten wà nínú oúnjẹ. Ẹni tó ń jẹ àmàlà ní Peckham lè fi òfin yẹn béèrè. Ní Agbowó, ẹnu wa àti ọ̀wọ̀ la máa lò: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, àlìkámà kì í bá mi lára mu, ó máa ń dá mi dùbúlẹ̀ ni. Ṣé orógùn sẹ̀mó lẹ fi ro àmàlà yìí?" Ẹ lọ kí èrò tó pọ̀, kí wọ́n lè ráyè dá yín lóhùn. Tí ìdáhùn náà ò bá yé yín, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ wá ibòmíì lọ.

Ẹni tó bá sì ń fura pé òun ní in, kó lọ ṣe àyẹ̀wò kó tó pa àlìkámà tì, torí tó bá ti pa á tì ṣáájú, àyẹ̀wò lè má rí i mọ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ẹ̀, tó bá ń béèrè orógùn lọ́wọ́ Màmá, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣe fáàrí. Ẹ bá a béèrè.